Kòkànyín àti Ilélàńlọ

Tí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀, ohùn ìyá mi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: "Kòkànyín! Kòkànyín ò! Wá jẹun!" Ajá ló ń pè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé àdúgbò yẹn tí ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ajá. Ọdún tí wọ́n lé mi ní póli ni ìyá mi gba ajá yẹn lọ́wọ́ ọdẹ kan, nígbà tí Ìyá Táíwò tó ń gbé lódìkejì wa sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa kí mi láràárọ̀ pé, "Ọmọ dáadáa, ṣé ẹ ò tíì wọlé ni?" Ìyá mi ò bá a jà. Wọ́n sọ ajá ní Kòkànyín, wọ́n sì ń fi gbogbo ẹnu pè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn: tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú ẹ tí o ò fẹ́ jà, wá ajá, fún un lórúkọ, kí o máa pè é. Ẹni tó bá ni ọ̀rọ̀ á gbọ́.

Èmi ni wọ́n torí ẹ̀ gba ajá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ìtìjú ẹ̀ tó nǹkan tí wọ́n ń sọ ajá lórúkọ sí, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Mo kọ́ ìṣirò owó fún ọdún méjì, mi ò sì lè ṣírò pé máàkì tí mo ń gbà ò lè gbé mi dé ọdún kẹta.

Ní Niamey níbí, olú ìlú Niger, ajá mìíràn ni mo ní. Orúkọ ẹ̀ ni Ilélàńlọ. Orúkọ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹni tí ò nílé.

Bí mo ṣe dé ò ní ìtàn kankan nínú. Mo dé, ooru gbá mi létí, ó parí. Nílé, ooru á mú, á sì fi ẹ́ sílẹ̀ tó bá dìrọ̀lẹ́. Ooru Niamey kì í lọ síbì kan. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, omi inú ike ti gbóná kí n tó dà á sórí, àfi bíi pé ẹnì kan fẹ́ fi mí se ọbẹ̀.

Ohun kejì tó bà mí lẹ́rù ni ìkíni. Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó ń kíni bí Yorùbá láyé. Àṣé eré là ń ṣe. Níbí, Zarma ni o, Hausa ni o, wọ́n á bi ẹ́ nípa ilé, wọ́n á bi ẹ́ nípa ara, nípa iṣẹ́, nípa ooru, wọ́n á wá bi ẹ́ pé àárẹ̀ ńkọ́. Wọ́n ń béèrè àárẹ̀ bí ẹni ń béèrè ìyàwó ilé! Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ló ń pa mí. Nígbà tó yá, òun nìkan ni ìbéèrè tí mo ní ìdáhùn sí.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Gàníyù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n, wọ́n sì ń ta páàtì ọ̀kadà ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey níbí: ṣéènì, púlọ́ọ̀gì, táyà, tíúbù. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kan dé, ó bá mi sọ Faransé. Mo mi orí bí ọ̀mọ̀wé, mo wọlé lọ, mo gbé táyà jáde fún un. Ọkùnrin náà wo táyà, ó wo èmi.

"Omi ló ní kó o fún òun mu," ni Bọ̀dá Gàníyù wí.

Mo gbé táyà padà.

"Ṣé o ní o lọ sílé ìwé?"

"Mo lọ, Bọ̀dá."

"Wọ́n ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe lé ẹ."

Ilé Ìyá Ráfíù ni mo gba yàrá sí, níbẹ̀ náà ní Dar es Salam. Bàbá ọkọ wọn ló ti Ìlọrin wá síbí wá kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ọkọ wọn náà sì kọ́ wọn títí tó fi kú. Niamey ni wọ́n bí Ìyá Ráfíù fúnra wọn sí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ Yorùbá ẹnu wọn, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n ti Ìlọrin dé. Ráfíù ọmọ wọn, tíṣà ni nílé ìwé kan. Yorùbá tiẹ̀ á máa sáré bọ̀, á kọsẹ̀, á wá fi Faransé dìde.

Èmi kọ́ ni mo yan Ilélàńlọ, òun ló yàn mí. Bọ̀dá Gàníyù rán mi pé kí n gbé táyà lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lamordé, lódìkejì odò, nítòsí yunifásítì. Ẹ wo ayé mi: mo sá fún ìwé nílé, mo wá ń gbé táyà lọ bá àwọn tó ń kàwé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Táyà wà lọ́rùn mi o.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo ra máásà, mo ń jẹ ẹ́ lọ. Ajá kan tẹ̀ lé mi, àwọ̀ ẹ̀ bí iyanrìn, egungun ìhà ẹ̀ hàn síta bí igi òrùlé. Àwọn ọmọ ń sọ òkò sí i, wọ́n ń pariwo "Hansi! Hansi!", bí àwọn Zarma ṣe ń pe ajá nìyẹn. Mi ò gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ máa yìn mí. Mo kàn ń yára kí òkò má bà mí ni. Ajá náà yára. Mo dúró lórí afárá, ó dúró. Mo fi Yorùbá sọ fún un pé kó padà, ó jókòó. Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo ti kọ́ lé e, ó dìde, ó sún mọ́ mi. Ó hàn pé Faransé wa dọ́gba.

Ìyá Ráfíù ò jẹ́ kó wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń kírun ni, itọ́ ajá ò gbọdọ̀ kàn án. "Ìta ni o, ìdí dóńgóyárò yẹn, kò gbọdọ̀ kọjá géètì," ni wọ́n wí. Mo ní kò burú. Ìdí dóńgóyárò náà tutù ju yàrá mi lọ, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí.

Ẹ má fi wé Kòkànyín rárá. Kòkànyín dúdú, wọ́n ti gé etí ẹ̀ kan jẹ níbi ìjà, tó bá sì ń rìn, àyà ẹ̀ ló ń ṣáájú. Kò fẹ́ràn àlejò, kò fẹ́ràn ọlọ́kadà, kò fẹ́ràn pásítọ̀ wa. Tí Ìyá Táíwò bá ti la ẹnu pé "ọmọ dáadáa", á ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, á máa gbó títí obìnrin náà á fi gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ Kérésì kan, ó jí ẹran nínú ìkòkò ìyá mi, ó sì ń wo ojú wa bí ẹni pé àwa la jí tiẹ̀.

Ilélàńlọ kì í gbó. Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ rí, àfi tó bá ń lálàá. Ewúrẹ́ ń bà á lẹ́rù. Adìẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olè wá gbé pọ́ǹpù Bọ̀dá Gàníyù nídìí tábìlì, lọ́sàn-án gangan, èmi ń sùn lórí páálí. Ajá náà rí i. Ẹni tó ń ta tíì lódìkejì ló ròyìn fún wa: ajá dìde, ó ju ìrù, ó sin olè dé kọ́nà, ó padà wá sùn.

"Ajá ẹ ń sin àlejò," ni Bọ̀dá Gàníyù wí. "Ọmọlúàbí ni."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá."

"Mi ò bá ajá wí. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ni mo gbà síṣẹ́?"

Nílé, mo máa ń rò pé èmi àti Kòkànyín jọra. Ojú àwa méjèèjì le, a ò ka ẹnikẹ́ni sí, ẹran nìkan ló lè tẹ orí wa ba. Niamey ni mo dé kí n tó mọ̀ pé Kòkànyín ló láyà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Báyìí, ẹni tó bá bú mi ní Zarma, mo ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó bá bú mi ní Faransé, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí mo bá jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú Ilélàńlọ, tí àwa méjèèjì yọ ahọ́n síta nítorí ooru, mo mọ èyí tí mo jọ. Mo máa ń rò ó nígbà míì: tí wọ́n bá ju Kòkànyín sí Lamordé, láàárín àwọn ọmọ tó ń sọ̀kò, tí ò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, ṣé á ṣì máa gbó? Àbí òun náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìrù fún gbogbo ayé?

Orí fóònù ni orúkọ ẹ̀ ti wá. Ìyá mi pè.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ nílé?"

"Mò ń bọ̀ ní Kérésì, Màámi."

"Kérésì wo?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Kòkànyín kí n gbọ́ ohùn ẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní ó jáde. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń jáde. Nígbà tí ìpè já, mo wo ajá tó wà nídìí dóńgóyárò, tó ń wò mí bí ẹni pé mo ní ètò kan. Mo sọ fún un pé, "Dìde, jàre. Ilé là ń lọ." Ó dìde lóòótọ́! Ẹ̀rín pa mí títí omi fi jáde lójú mi. Látọjọ́ yẹn, Ilélàńlọ ló ń jẹ́. Ara mi ni mo fi orúkọ yẹn bú. Mo rò pé kò sétí tó máa gbọ́ ọ ní Niamey. Òmùgọ̀ bíi tèmi ló lè gbé inú ilé Yorùbá kó máa ro irú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ìyókù oúnjẹ dambu mi jáde fún ajá, mo sì fi ohùn ìyá mi pè é: "Ilélàńlọ! Ilélàńlọ ò! Wá jẹun!" Ìyá Ráfíù wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́.

"Kí lo pè é?"

"Ilélàńlọ, Ìyá."

"Tún un pè."

Mo tún un pè. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Ta lò ń bá wí?"

"Ajá ni, Ìyá."

"Ajá!" Wọ́n gbé bútà sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, torí pé wọ́n bí mi síbí, o rò pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá lórúkọ? Ta ló ń torí ajá sọ ajá lórúkọ? Ìwọ ní ilé tí ò ń lọ, àwa ò ní, àbí? Ó dáa. Tí Tabaski bá ti kọjá, kí ìwọ àti ajá ẹ máa lọ sí ilé tí ẹ ń lọ." Iléyá ni wọ́n ń pè ní Tabaski níbí.

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run..."

"Má fi Ọlọ́run sí i. Ajá lo fi sọ ọ́."

Ráfíù ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́sàn-án. "Ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn... báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́... o tẹ Màmá níbi tó ń dùn wọ́n." Ó wá ṣàlàyé. Lẹ́yìn ikú bàbá ẹ̀, òun àti ìyá ẹ̀ lọ sí Ìlọrin, torí wọ́n ti ń sọ fún wọn láti kékeré pé agboolé wọn wà níbẹ̀. Wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ náà. "Wọ́n bi wá pé ta ni wá. Màmá ka orúkọ bàbá mi, wọ́n ka ti bàbá bàbá mi. Àwọn yẹn ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín in tán. Òtẹ́ẹ̀lì la sùn. Òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́, ní Ìlọrin! Nígbà tá a padà dé, Màmá ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́."

Mo wo ajá mi. Ó ń ju ìrù fún Ráfíù.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi mọ̀ pé orúkọ ajá ní èsì, orúkọ ajá mìíràn sì ni èsì ẹ̀. Àmọ́ Ìyá Ráfíù ò lè sin ajá. Èmi sì rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n ra àgbò Tabaski, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì. Lọ́jọ́ kejì, mo wà lórí ẹní mi, mo gbọ́ ohùn wọn: "Níbonilé! Níbonilé ò! Wá jẹun!"

Mo dìde jókòó. Kí n sọ òótọ́, orí mi wú. Ìyá mi fúnra wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn báyìí.

"Màmá, a máa jẹ ẹ́ ni o!" ni Ráfíù ń wí nínú yàrá. "A kì í sọ àgbò Tabaski lórúkọ!"

"A ó jẹ ẹ́. Kó máa jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí dìgbà náà."

Èmi ò lẹ́nu láti pe ajá mi mọ́. Mo ń súfèé fún un. Ìyá Ráfíù kò sinmi: láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, "Níbonilé! Níbonilé ò!", àgbò á dáhùn "Mèè!", àwọn ará ilé á wo ẹnu ọ̀nà mi. Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé Ilélàńlọ, tí ewúrẹ́ ń bà lẹ́rù, kò bẹ̀rù àgbò yẹn. Ó lè jẹ́ okùn tó wà lọ́rùn ẹ̀ ni. Á sùn síta géètì, àgbò á sùn sínú, ẹ̀yìn wọn á kan irin kan náà. Tí wọ́n bá gbé èèrí jáde fún àgbò, ajá náà á gbé orí sókè. Ìyá Ráfíù á ju bàtà sí i. Á gbé bàtà náà padà wá fún wọn. Kòkànyín ì bá jẹ ẹ́.

Mo wá ilé. Ní Koira Kano, àdúgbò àwọn olówó, wọ́n wo bàtà mi, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Níbòmíì, wọ́n á gbà mí tayọ̀tayọ̀ títí wọ́n á fi rí ẹni tó tẹ̀ lé mi. Bọ̀dá Gàníyù ní mo lè máa sùn nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn táyà, ṣùgbọ́n èmi nìkan.

"Fi ajá yẹn sílẹ̀. Kí ló ń ṣe fún ẹ gan-an?"

"Ó ń tẹ̀ lé mi, Bọ̀dá."

"Lọ síbo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to táyà.

Mo pe ìyá mi, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí ò nílé lo fi ilé bú."

"Ara mi ni mo bú, Màámi."

"Ta lo sọ fún? Òkò tó o sọ sókè, ṣé o mọ orí tó máa bà? Lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà."

"Mo ti gbọ́. Ẹ gbé fóònù fún Kòkànyín."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga jókòó.

"Kòkànyín ti lọ."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà ọyẹ́."

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ta ló ń fi ikú ajá ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi? Tó o bá gbọ́, kí lo máa ṣe? Ìyá Táíwò ló bá mi gbẹ́lẹ̀ tá a sin ín sí."

"Ìyá Táíwò?"

"Òun náà. A jọ ń kí ara wa báyìí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọmọ mi. Ó rẹ òun náà."

Mo sunkún díẹ̀. Ẹ má sọ fún Bọ̀dá Gàníyù. Ilélàńlọ wò mí, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi, oorun sì gbé e lọ. Kòkànyín ì bá ti máa fi mí ṣẹ̀sín.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ráfíù lọ́jọ́ kejì, mo sọ ẹni tí mo fi orúkọ náà bú. Wọ́n gbọ́ ọ títí dópin.

"Dìde, iyanrìn ti kún aṣọ ẹ," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́. Tabaski ni mo sọ."

Tabaski dé. Nígbà tí wọ́n ń pa àgbò, Ìyá Ráfíù wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Ráfíù gbé abọ́ ẹran kan wá bá mi, ó ní Màmá ló ní kóun gbé e wá. Ẹni tí wọ́n ń lé náà ní ìpín tiẹ̀. Mo fún Ilélàńlọ ní egungun, kò jẹ ẹ́. Okùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ géètì ló ń wò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé báàgì mi jáde sídìí dóńgóyárò. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe nípa ajá. Ojú ọ̀run ti pupa lápá ìlà oòrùn, eruku ń bọ̀ lókè bí ògiri, òjò sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá Ráfíù jáde, wọ́n gbé abọ́ èèrí lọ́wọ́. Mo rí i pé wọn ò tíì jí dáadáa. Wọ́n lanu:

"Níbonilé! Níbonilé ò! Wá jẹun!"

Ráfíù yọjú lójú fèrèsé. Ìyá Ráfíù dúró pẹ̀lú abọ́ náà, wọ́n ń wo okùn. Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Ilélàńlọ dìde. Ó gbọn eruku nù, ó kọjá lára mi, ó kọjá géètì tí kò gbọdọ̀ kọjá, ó lọ jókòó síbi tí wọ́n ń so àgbò mọ́, ó ń ju ìrù.

Mò ń retí bàtà. Bàtà ò wá.

"Ṣé ìwọ ni mo pè?" ni wọ́n bi í. Ohùn wọn kéré. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n káwọ́ kúrò kíá kí itọ́ ẹ̀ má kàn wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èèrí bí ẹni pé ẹran ni.

Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. "Gbé ẹrù ẹ wọlé. Òjò ń bọ̀."

"Ìyá..."

"Mo ní gbé ẹrù wọlé. Ṣé o fẹ́ kí òjò pa á ni?"

Mo gbé báàgì mi padà sínú yàrá. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, ó ń lu páànù bí òkò. Ìyá Ráfíù ti wà lábẹ́ fàràndá. Ajá ṣì jókòó sídìí okùn, omi ń ṣàn lára ẹ̀, kò mọ̀ bóyá ó láyè láti kúrò níbẹ̀.

"Pe ajá ẹ kúrò nínú òjò," ni wọ́n wí.

"Orúkọ wo ni kí n pè é, Ìyá?"

Wọ́n ro ó díẹ̀.

"Èyí tó bá máa dáhùn."

Mo pe méjèèjì.